Kòkòrò ló ń ṣílẹ̀kùn fún májèlé inú àgbàdo: ẹ̀kọ́ tí kòkó lè kọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè

Ìlú kòkó ni Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì sí àgbẹ̀ kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé kòkó tó bá bu kò lówó lórí. Kí kòkó tó dé èbúté, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ kòkó wò ní láti bù díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó là á, kí ó sì wo inú rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri àgbáyé ni pé wọn yóò fi ọ̀bẹ la 300 wóró kòkó. Bí èyí tó bu nínú wọn bá ju ìdá 3 nínú 100 lọ, kòkó náà kò lè wà ní ipò kìn-ín-ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ka èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tó ti hù àti èyí tó rọ pẹlẹbẹ tí kò lẹ́ran nínú. Àpapọ̀ àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú kò gbọdọ̀ ju ìdá 3 nínú 100 lọ.

Ṣùgbọ́n nínú oko kan náà, láàárín kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, àgbẹ̀ a máa gbin àgbàdo pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò títí kòkó yóò fi dàgbà. Àgbàdo yìí kì í bá ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ dání pàdé. Láti oko ni yóò ti dé ọjà, láti ọjà ni yóò ti dé ilé ẹ̀rọ ìlọ̀, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti dé inú ife ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú. Kòkó tí àwọn òyìnbó yóò fi ṣe ṣokoléètì ni wọ́n ń yẹ̀ wò fínnífínní. Àgbàdo tí ọmọ onílé yóò mu ní ògì, ojú lásán ni wọ́n fi ń rà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí pé ohun tó ń mú kòkó bu náà ló ń mú àgbàdo bu, ti àgbàdo sì léwu ju kí owó dínkù lọ. Ẹ̀yà olú tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa bíbu. Méjì nínú wọn ló ń yọ àgbàdo lẹ́nu jù ní ilẹ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní Aspergillus flavus, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń dà bí ewé tó ń pọ́n lórí wóró àgbàdo. Òun ló ń pọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ìkejì ni Fusarium verticillioides, tí í máa hu funfun tàbí kí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òun náà sì ń pọ májèlé mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ fumonisin. Májèlé méjèèjì kò ní òórùn, wọn kò sì korò lẹ́nu. Ẹni tó jẹ wọ́n kò ní mọ̀ pé òun ti jẹ nǹkan.

Ọdún 1960 ni ojú ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí ọ̀rọ̀ aflatoxin. Ní ọdún náà, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ àrùn tó pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n tú oúnjẹ wọn wò, wọ́n rí i pé inú èròjà ẹ̀pà tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Brazil ni ikú wà: ẹ̀pà náà ti bu. Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń lọ, tó fi di ọdún 1987 tí àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi aflatoxin sí ìsọ̀rí kìn-ín-ní, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá jà. Ẹni tí kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn hepatitis B, bá wà lára rẹ̀, tó tún ń jẹ aflatoxin, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pọ̀ gidigidi ju ti ẹni tó ní ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì lọ. Àrùn mẹ́dọ̀wú yìí kò sì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà.

Ẹ má ṣe rò pé ewu ilẹ̀ òkèèrè ni. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọdé ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin àti ilẹ̀ Tógò jáde. Àwọn ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Nínú ọmọ 479 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, 475 ni wọ́n bá àmì aflatoxin lára wọn. Ọmọ tí májèlé náà bá pọ̀ lára rẹ̀ ni kì í ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kì í sì í wúwo tó bó ṣe yẹ. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí wọ́n ti gbà lẹ́nu ọmú pátápátá ni májèlé náà pọ̀ lára wọn jù, nítorí oúnjẹ ilé ni wọ́n ń jẹ. Ní ọdún 2004 ẹ̀wẹ̀, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Kéńyà, àgbàdo tó bu sọ ènìyàn 317 di aláìsàn, 125 nínú wọn sì kú. Àgbàdo tí wọ́n kórè ní tútù, tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé láìgbẹ, ni wọ́n jẹ.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ kòkòrò ti wọ̀ ọ́? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àgbàdo ní ògiri tirẹ̀. Háhá ló kọ́kọ́ bò ó, lábẹ́ háhá ni wóró wà, wóró kọ̀ọ̀kan sì ní awọ líle tó bo ìyẹ̀fun inú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí háhá bá bò ó dáadáa, tí awọ wóró kò sì dá, ó ṣòro fún olú wọ̀nyí láti ráyè jẹun. Kòkòrò ló ń dá ògiri náà lu. Bí ìdin rẹ̀ bá ti gba orí irun àgbàdo tàbí ìdí ṣúùkù wọlé, yóò máa jẹ wóró lọ láti inú. Ihò tó bá dá sílẹ̀ ni omi òjò yóò gbà wọlé, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò mú ibẹ̀ rin, ara rẹ̀ pàápàá ni yóò fi gbé èso olú láti wóró kan dé òmíràn. Àgbẹ̀ tó bá ṣí háhá wò yóò rí i pé ojú ibi tí kòkòrò gbà kọjá gan-an ni bíbu ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn láti ọdún 1967 tó sì ní ẹ̀ka ní Benin, fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 2000. Nínú oko àwọn àgbẹ̀ Benin, wọ́n ka iye ibi tí kòkòrò ti jẹ lára àgbàdo, wọ́n sì wọn aflatoxin inú rẹ̀ kí wọ́n tó kórè. Wọ́n rí i pé bí jíjẹ kòkòrò ṣe ń pọ̀ sí i ni májèlé ń pọ̀ sí i, pàápàá níbi tí ìdin labalábá kékeré kan tó ń jẹ́ Mussidia nigrivenella bá ti ṣọṣẹ́. Ìyẹn ni pé ṣáájú kí àgbàdo tó dé àká, májèlé ti lè wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún rí nǹkan mìíràn tó yani lẹ́nu: àgbàdo tí Fusarium bá ti wà nínú igi rẹ̀, kòkòrò tí ń dá igi lu a máa pọ̀ lára rẹ̀ ju èyí tí kò ní lọ. Kòkòrò ń ṣílẹ̀kùn fún olú, olú náà ń pe kòkòrò wá jẹun. Àjọṣe burúkú ni.

Bí àgbàdo bá délé, àwọn ọ̀tá mìíràn ń dúró dè é. Kòkòrò dúdú kékeré onímú gígùn tí gbogbo ìyálọ́jà mọ̀ nínú àpò àgbàdo ni àkọ́kọ́. Inú wóró ló ń yé ẹyin sí. Ìdin rẹ̀ yóò jẹ inú wóró tán kí ó tó lu ú jáde. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni kòkòrò tó ń lọ àgbàdo di ìyẹ̀fun, Prostephanus truncatus, tí kì í ṣe kòkòrò ilẹ̀ Áfíríkà rárá. Apá Mẹ́síkò ló ti wá. Wọ́n kọ́kọ́ kẹ́fín rẹ̀ ní Tànsáníà nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, wọ́n sì rí i ní Tógò ní ọdún 1984, láti ibẹ̀ ló ti tàn ká agbègbè wa. Bí kòkòrò bá pọ̀ nínú àpò, mímí wọn nìkan tó láti mú inú àpò gbóná kí ó sì rin. Àgbàdo tó gbẹ nígbà tí wọ́n dì í lè tipa bẹ́ẹ̀ tutù padà, kí ó sì bu.

Láti ọdún 2016 ni wàhálà tuntun tún ti dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí ìdin tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní armyworm nínú oko àgbàdo ní Ìbàdàn àti Ìkẹ́nẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìdin yìí ti ṣẹ̀ wá. Kò tó ọdún mẹ́ta tó fi tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí labalábá rẹ̀ a máa fò jìnnà lóru kan ṣoṣo. Ewé ọ̀dọ́ tó wà láàárín àgbàdo ni ó kọ́kọ́ máa ń jẹ, ṣùgbọ́n bí àgbàdo bá ti gbọmọ pọ̀n, a máa wọ inú ọmọ náà lọ, a sì máa dá ihò sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ìdànrè wà níbi tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti rọ̀ mọ́ra wọn. Ilẹ̀ igbó ni, òjò rẹ̀ pọ̀, òkè àpáta sì yí i ká. Àgbàdo àkọ́rọ̀, èyí tí wọ́n ń gbìn ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, máa ń gbó nígbà tí òjò kò tíì dá. Bí àgbẹ̀ bá fi í sílẹ̀ lóko kí ó gbẹ, òjò yóò máa pa á. Bí ó bá ká a wálé, oòrùn kò tó láti sá a. Àgbàdo tí wọ́n gbìn ní òpin oṣù kẹjọ sì rèé, ìgbà rẹ̀ ni kòkòrò tí ń dá igi lu máa ń pọ̀ jù ní ilẹ̀ igbó, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ mìíràn kì í fi í gbin àgbàdo nígbà náà mọ́. Ní ti ooru, ìwọ̀n tó tẹ́ Aspergillus lọ́rùn, láàárín 25 sí 35, ni ooru ilẹ̀ náà ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún.

Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ló gbà pé iná pa gbogbo nǹkan. Iná kò pa aflatoxin. Sísè, yíyan àti dídín kò lè lé gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ooru ààrò ilé kò tó láti tú u ká. Ògì ṣíṣe dára díẹ̀ ní tirẹ̀, torí pé bí wọ́n bá ń rẹ àgbàdo, tí wọ́n ń da omi rẹ̀ nù, tí wọ́n sì ń sẹ́ ẹ, díẹ̀ nínú májèlé náà a máa bá omi àti èérí lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú ilé ni ojú àti ọwọ́: kí wọ́n ṣa wóró tó bu, èyí tó fọ́ àti èyí tí kòkòrò lu kúrò kí wọ́n tó rẹ ẹ́, nítorí inú wóró díẹ̀ báyìí ni ọ̀pọ̀ májèlé máa ń kó jọ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ṣe pàtàkì jù ni pé àgbàdo tí wọ́n ṣà jáde kì í sọnù. Àgbẹ̀ tó ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́rin kò ní fẹ́ da ohunkóhun nù, kò sì yẹ kí a dá a lẹ́bi. Nígbà tí àgbàdo bá ti ju, tó ti bu, owó rẹ̀ yóò wálẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ kò ká èyí tó dára ni yóò sì rà á. Òmíràn yóò di èlùbọ́ àgbàdo, níbi tí ojú kò ti lè rí ihò kankan mọ́. Òmíràn yóò di oúnjẹ adìyẹ. Adìyẹ tó bá jẹ ẹ́ kò ní yé ẹyin dáadáa, kò ní tètè dàgbà, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Màlúù tó bá jẹ ẹ́ yóò fi májèlé náà sínú wàrà rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí olówó rò pé òun ti sá fún lọ́jà lè padà bá a lórí tábìlì.

Kí ni ṣíṣe? Oko ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Kí àgbẹ̀ tètè gbìn bí òjò bá ti dúró dáadáa. Kí ó yan irú àgbàdo tí háhá rẹ̀ bo orí ọmọ pinpin. Kí ó má fi igi àgbàdo ọdún tó kọjá sílẹ̀ lóko, torí inú rẹ̀ ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí. Bí àgbàdo bá gbó, kí ó ká a láìfi falẹ̀, kí ó ya èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀ láti oko, kí ó má sì sá a sórí ilẹ̀ lásán. Kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ má ju ìdá 13 nínú 100 lọ kí ó tó dì í sápò. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ìgò gbígbẹ dán an wò: kí ó bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú àgbàdo, kí ó dé e, kí ó mì í dáadáa, kí ó sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tíì gbẹ.

Fún ìpamọ́, àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé wà, èyí tí ń pa kòkòrò láìlo oògùn, nítorí kòkòrò kò ní rí èémí mí. Ilé ìwádìí NSPRI tó wà ní Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, sì ní àtíkè tí wọ́n fi eruku ilẹ̀ ṣe fún kòkòrò àgbàdo. Ohun tí kò dára ni kí ènìyàn máa da oògùn apakòkòrò olóró bíi DDVP sórí oúnjẹ. Májèlé kan ni yóò fi pààrọ̀ májèlé mìíràn. Nítorí irú ìlòkulò bẹ́ẹ̀ ni NAFDAC ṣe fòfin de títa DDVP inú ìgò kékeré ní ọdún 2019.

Ìrànlọ́wọ́ mìíràn ni Aflasafe tí IITA àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Amẹ́ríkà jọ ṣe, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC ní kíkún ní ọdún 2014. Olú tí kò lè pọ májèlé ni wọ́n fi sára wóró ọkà bàbà, tí àgbẹ̀ yóò fọ́n sí oko, kílò 10 fún hẹ́kítà kan, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Olú rere yìí ni yóò gba àyè mọ́ olú búburú lọ́wọ́. Ó ń dín aflatoxin kù gan-an, tó ìdá 80 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò dí ihò kòkòrò, kò sì bá fumonisin jà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ tún gba àgbàdo TELA láàyè, èyí tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà kí ó lè kojú ọ̀gbẹlẹ̀, kòkòrò tí ń dá igi lu àti armyworm. Àwọn tó fara mọ́ ọn ń tọ́ka sí i pé ní Amẹ́ríkà, irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò kò lè jẹ ní fumonisin tó kéré. Àwọn tó ń ta kò ó ní kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí irúgbìn àbáláyé, ta ni yóò sì máa ra irúgbìn tuntun lọ́dọọdún. Awuyewuye náà kò tíì parí.

Ní gbogbo rẹ̀, ohun kan ló ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn: ọjà kì í san owó ìmọ́tótó. Àgbẹ̀ tó ṣa àgbàdo rẹ̀, tó sá a, tó sì fi í sínú àpò tó dára, iye tí ẹnìkejì rẹ̀ gbà ni òun náà máa ń gbà, bí ojú kò bá ti rí ìyàtọ̀. Láàárín ọdún 2013 sí 2019, ètò kan tí wọ́n ń pè ní AgResults san ẹ̀bùn owó lé iye àgbàdo tí wọ́n fi Aflasafe tọ́jú ní Nàìjíríà, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ sì wà lára àwọn tó ra àgbàdo náà ní owó tó ju ti ọjà lọ. Ìyẹn fi hàn pé bí owó bá tẹ̀ lé ìmọ́tótó, àgbẹ̀ yóò tẹ̀ lé e pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè sọ pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àgbàdo wò, tálákà àgbẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀, nítorí wọn yóò kọ ọjà rẹ̀. Ẹ̀rù náà kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n tálákà kan náà ló ń jẹ èyí tí ọjà kọ̀. Ohun tó yẹ ni kí ìyẹ̀wò náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára wà: lọ́dọ̀ àwọn tó ń rà á ní tọ́ọ̀nù fún oúnjẹ adìyẹ, fún ilé ìwé àti fún ilé ìwòsàn. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ pèsè ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin àti ohun èlò tó ń dá aflatoxin mọ̀ sí àwọn ọjà ńlá. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀, FUTA, wà ní Àkúrẹ́ nítòsí, àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí lílo àtíkè ewéko bí ìyèré àti orin àtà fún kòkòrò inú àgbàdo.

Àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wọn pé ihò kòkòrò àti bíbu ń ba ọjà jẹ́. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára kòkó tipẹ́, wọ́n mọ bí a ti ń sá a, bí a ti ń ṣà á, bí a ti ń là á wò. Ìmọ̀ yẹn ló yẹ kí wọ́n gbé ti àgbàdo. Bí ọ̀bẹ bá lè la kòkó nítorí ẹni tó wà ní òkè òkun, ó yẹ kí ojú lè ṣí háhá àgbàdo wò nítorí ọmọ tó wà nínú ilé.